Ilé Tó Ju Onílé Lọ

Ẹni tó bá kúrò ní Ọ̀jọ̀dú Berger lórí òpópónà márosẹ̀, tó kọrí sí Ìbàdàn, ilé ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì títí ojú yóò fi sú u. Arepo, Magboro, Ibafo, Asese, Mowe: abúlé ni gbogbo wọn nígbà tí àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí wà lọ́mọdé. Ó ti wá ṣòro láti sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá yà kúrò lójú títì, tó gba ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ wọ inú àdúgbò, yóò rí i pé bí ilé náà ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe tóbi tó. Ilé alájà kan, yàrá márùn-ún, palọ̀ méjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́fà, bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìnkùlé, ògiri tó ga ju orí èèyàn lọ yí gbogbo rẹ̀ ká. Ta ló ń gbé inú rẹ̀? Tọkọtaya àti ọmọ méjì. Ní ilé mìíràn, tọkọtaya nìkan. Ní òmíràn, mẹ́gáàdì nìkan ló ń sùn níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìgbéraga ló ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. N kò gbà. Olùkọ́ ilé ìwé ń kọ́ ọ, nọ́ọ̀sì ń kọ́ ọ, ìyá tó ń ta aṣọ ní Balógun ń kọ́ ọ, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì náà ń fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́ ọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ọ̀nà tí à ń gbà ra ilẹ̀, ọ̀nà tí à ń gbà rówó, àti ohun tí à ń retí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa ló ń mú kí ilé náà tóbi sí i, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó ka iye orí tí yóò sùn níbẹ̀. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ilẹ̀ ṣì lè rí ibi tí yóò ti yà.

Ọdún 1978 ni kí á ti mú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún yẹn ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn ju 120 kìlómítà lọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba ológun ìgbà Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, èyí tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ọ̀nà ti là, oko tó wà lẹ́bàá rẹ̀ sì di ibi tí òṣìṣẹ́ Èkó lè máa ti lọ máa bọ̀. Èkó fúnra rẹ̀ kò láyè: òun ló kéré jù nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, 3,577 kìlómítà níbùú-lóòró péré, ọ̀sà àti irà sì gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń gbówó lórí ní Ìkẹjà àti Ṣómólú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí owó wọn kò ká a ń sún síta, títí wọ́n fi kọjá ààlà wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Òfin ní gómìnà ló láṣẹ. Ìdílé tó jogún ilẹ̀ kò tìtorí ìyẹn ṣíwọ́ títà á. Ẹni tó ń rà á wá di ẹni tó ń sanwó lọ́nà méjì: ó ń sanwó fún ọmọ onílẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kó dúró lórí ilẹ̀, ó sì ń sanwó fún ìjọba kó lè gba ìwé.

Púlọ́ọ̀tì ni wọ́n ń tà. Ìwọ̀n tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní òòró, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Ìdajì púlọ́ọ̀tì wà, ṣùgbọ́n odidi ni ẹni tó bá lè rọ́nà rẹ̀ máa ń rà, kí ẹnikẹ́ni má bàa kọ́lé mọ́ ọn létí. Lẹ́yìn owó ilẹ̀, yóò san owó ìpìlẹ̀ kó tó gbẹ́lẹ̀, yóò san owó dẹ́kìn kó tó da àjà, yóò tún san owó páànù kó tó bo òrùlé. Ìjọba Èkó àti ti Ògùn ṣòfin ní 2016 láti fòpin sí irú owó ipá yìí, àmọ́ ní àdúgbò púpọ̀, wọ́n ṣì ń gbà á ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó ti náwó tó báyìí lórí erùpẹ̀, ó dùn ún láti rí ẹsẹ̀ bàtà kan tó ṣófo. Bó bá ro ilé yàrá méjì láàárín ilẹ̀ ńlá náà, ojú rẹ̀ a máa wo ibi tí koríko yóò hù sí. Nítorí náà, kí bíríkìlà tó fọwọ́ kan ìlà, ìwọ̀n ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìwọ̀n ilé láṣẹ.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá ti bíbẹ̀rẹ̀ yẹn dé òpin. Èèyàn díẹ̀ ló ń rí owó báǹkì yá kọ́lé nílẹ̀ wa. Nígbà tí 2024 ń parí lọ, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, báǹkì tó ń yáni lówó a sì tún bu tirẹ̀ lé e. Ta ló lè fi owó oṣù san irú rẹ̀ fún ogún ọdún? Owó ọwọ́ la fi ń kọ́lé. Ẹni tó kó àjọ, yóò ra yanrìn ọkọ̀ kan. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, yóò mọ búlọ́ọ̀kù ẹgbẹ̀rún kan, yóò tò wọ́n síbẹ̀. Owó tó bá wà ní báǹkì ń yọ́, búlọ́ọ̀kù kì í yọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àpò sìmẹ́ńtì tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦5,000 ní oṣù díẹ̀ ṣáájú kọjá ₦10,000 láwọn ibì kan. Ẹni tó ti fi owó tirẹ̀ mọ búlọ́ọ̀kù kó tó di ìgbà náà rí i pé òun kò ṣe é lásán. Ilé tí à ń kọ́ lọ ti di kóló wa. Ẹni tó bá sì ń fi owó pa mọ́ sínú kóló kì í bèèrè bóyá kóló náà tóbi jù.

Ibí yìí ni mo rò pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà, ó sì yẹ kí á dúró lé e díẹ̀. Ilé olówó ọwọ́ lè gba ọdún mẹ́wàá, ó lè gba ogún. Ṣùgbọ́n ilé alájà kò gbà kí èèyàn máa ronú rẹ̀ bó ṣe ń kọ́ ọ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá àjà yóò wà, nítorí òpó tí yóò gbé dẹ́kìn, ìwọ̀n irin inú rẹ̀, àti bí ìpìlẹ̀ yóò ṣe jìn tó, gbogbo rẹ̀ ti di pípinnu lọ́jọ́ náà. Ẹni ọdún márùndínlógójì tí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ṣì ń lo ìlédìí ni yóò yan ilé tí ẹni ọgọ́ta ọdún yóò gbé. Ó ń wo àwọn ọmọ náà, ó ń yan yàrá fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rántí ìyá rẹ̀, ó yan yàrá àlejò sí ìsàlẹ̀. Ó rántí ọjọ́ òkú àti ọjọ́ ìyàwó, ó fẹ palọ̀. Nígbà tí páànù yóò fi gorí ilé, àkọ́bí ti wà ní yunifásítì. Nígbà tí wọn yóò fi kun ún lọ́dà, àkọ́bí ti wà ní Kánádà, àbúrò rẹ̀ ń bá ìwé àṣẹ ìrìnnà kiri, ìyá àgbà náà ti lọ. Ilé ti dé, àwọn èrò rẹ̀ ti tú.

Pílánì pàápàá kì í ṣe ohun tí wọ́n yà fún ìdílé náà ní pàtó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwòrán kan ni ayàwòrán ń tà fún gbogbo èèyàn, á yí gééètì padà, á pààrọ̀ ibi tí àtẹ̀gùn wà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Balíkóńì wà níwájú tí kò sẹ́ni tó ń jókòó níbẹ̀ nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa á tààrà. Bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀yìn ilé ní tirẹ̀, láti GRA ìgbà ìjọba amúnisìn la ti jogún rẹ̀: òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ọba ń gbé ilé ńlá níwájú, kúùkù àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbé ilé kékeré lẹ́yìn. Ilé ìjọba ni. Ìjọba ló ń tún un ṣe, òyìnbó náà a sì kó jáde níbẹ̀ bí ọdún iṣẹ́ rẹ̀ bá pé. Àwa mú àwòrán ilé náà, a kò rí ìjọba tí yóò máa bá wa kun ún.

Kì í ṣe bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́lé nìyẹn. Nínú agbo ilé, baálé a kọ́kọ́ kọ́ ìwọ̀nba yàrá tó gba òun àti ìdílé rẹ̀. Ògiri amọ̀ ni: wọn a fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọn a mọ ipele kan, wọn a jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó mọ ìkejì lé e. Wọn a bẹ ọ̀wẹ̀, ẹbí àti àna àti ọ̀rẹ́ a péjọ, onílé a pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Bí ọmọkùnrin bá tó gbéyàwó, wọn a fa yàrá tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilé yóò fi yí agbàlá po. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa àlọ́, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà. Yàrá kò ju ibi oorun àti ibi ẹrù lọ. Òjò tó rọ̀ sórí ilé, agbàlá ló ń ṣàn sí, ìkòkò wà níbẹ̀ tó ń gbà á. Bí ẹ̀ka kan nínú ìdílé bá kó lọ sí ìlú mìíràn, wọn a fi ògiri tiwọn sílẹ̀, òjò a rọ̀ ọ́ wó, ilẹ̀ a gba amọ̀ rẹ̀ padà. Ilé ń dàgbà bí èèyàn ṣe ń pọ̀, ó ń súnkì bí èèyàn ṣe ń dín. Kò sí yàrá tó ń dúró de ẹni tí a kò tíì bí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì kọ́lé bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti wà tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn Àgùdà tó padà wá láti Brazil àti Cuba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà dé, ilé alájà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní Pópó Àgùdà ní Èkó, owó kòkó sì gbé irú rẹ̀ dé Ìbàdàn, Iléṣà àti Oǹdó lẹ́yìn náà. Ilé ńlá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilé tó kún ni. Ìsọ̀ wà nísàlẹ̀, ayálégbé wà lọ́tùn-ún, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wá kàwé wà lósì, ọmọ iṣẹ́ ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé náà ń mówó wọlé, ó sì ń tọ́ èèyàn. N kò bá ilé ńlá jà. Ilé tó gba èèyàn ogún, kí èèyàn ogún gbé e, ó dára. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ilé tó gba ogún tí èèyàn méjì ń pa iná yàrá rẹ̀ kiri lálaalẹ́.

Ìjọba náà ti kọ́lé níwọ̀n rí, ó sì bọ́ sí i. Àjọ tó ń rí sí ilé gbígbé ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, ló ṣe Bódìjà ní Ìbàdàn. Lateef Jákàńdè, tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fúláàtì kéékèèké sí Ìsọlọ̀, Ìpàjà, Àmùwó-Ọ̀dọ̀fin àti àwọn ibòmíràn. Àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀sín nígbà náà. Lónìí, ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn mọ ohun tó ní: ó súnmọ́ iṣẹ́, ọ̀nà dé ibẹ̀, àwọn ará àdúgbò mọra. Wọ́n ń gbé e títí di òní.

Ọ̀rọ̀ ìsúnmọ́ yìí wúwo ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní 1955, LEDB, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìlú Èkó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan láàárín Erékùṣù Èkó, wọ́n ń kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣèwádìí lórí wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ilé tuntun náà mọ́, ó ní afẹ́fẹ́, ó ní ẹ̀rọ omi. Àmọ́ àwọn obìnrin tó ń tajà níwájú ilé pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó oúnjẹ, àwọn àgbà kò sì rí ẹbí wọn lójoojúmọ́ mọ́. Sùúrùlérè kò ju ìrìn kìlómítà mélòó kan sí Ìsàlẹ̀ Èkó lọ. Kí la ó wá sọ nípa Mowe?

Ẹni tó ń ti Mowe lọ sí Ìkẹjà tàbí Erékùṣù gbọ́dọ̀ ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń dúró dè é. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ṣùgbọ́n ọ̀nà Agbado, Papalanto àti Abẹ́òkúta ló gbà, kò gba etí márosẹ̀ níbi tí ilé pọ̀ sí. Oṣù karùn-ún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Bẹntiróòlù tí jálá rẹ̀ kò tó ₦200 ní Èkó kọjá ₦550 láàárín oṣù méjì, ó sì kọjá ₦1,000 kí 2024 tó parí. Ilẹ̀ tó pọ́ọ́kú nígbà tí wọ́n rà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó rẹ̀ padà lórí títì. Nígbà tí onílé bá sì délé, òun fúnra rẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ ara rẹ̀: òun ló gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù, òun ló ra jẹnẹrétọ̀, òun ló ń sanwó ọlọ́dẹ, òun ló ń da òkúta sí kòtò ojú ọ̀nà. Ogún ilé lójú ọ̀nà kan, ogún bọ́họ̀ọ̀lù. Kò sí gọ́tà kan ṣoṣo. Ibi tí ilé bá fọ́n ká sí, tí ilẹ̀ tó ṣófo sì wà láàárín wọn, wáyà iná àti páìpù omi yóò gùn, owó rẹ̀ yóò pọ̀, ìjọba tí kò lówó yóò sì sọ pé kí wọ́n ní sùúrù.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ tó wà lásán tẹ́lẹ̀. Láti Mowe, ọ̀nà kan wà tó lọ sí Ọ̀fàdà, ìlú tí ìrẹsì ọ̀fàdà ti gba orúkọ, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Gbogbo wa la fẹ́ràn ìrẹsì náà, à ń wé e sínú ewé, à ń fi ayamáṣe jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, èèkàn àwọn awọnlẹ̀ ló ń hù níbi tí oko wà. Ìdílé tó ta oko ti ná owó rẹ̀. Ẹni tó rà á gbé ògiri yí i ká, ó sì da kọnkéré sí ilẹ̀ inú ọgbà kí ẹrẹ̀ má bàa wọlé. Òjò tó yẹ kí ilẹ̀ mu ń wá ibòmíràn lọ, ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó wà ní ìsàlẹ̀ ló sì ń lọ. Apá Lẹ́kí àti Ajah mọ èyí dáadáa: ilẹ̀ irà tí wọ́n fi yanrìn dí, tí wọ́n kọ́lé lé, bí òjò oṣù kẹfà bá bẹ̀rẹ̀, àwọn onílé ńlá a máa ká ṣòkòtò sókè kí wọ́n tó dé gééètì.

Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń kọ́ yàrá dè wà, ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1947, ilé-iṣẹ́ Levitt bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé fún àwọn ọmọ ogun tó padà bọ̀ ní Long Island, lẹ́bàá New York. Ilé kéékèèké ni, nǹkan bíi 750 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóòró, yàrá méjì, àjà òkè tí wọn kò parí kí onílé lè fi í ṣe yàrá bí ọmọ bá pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì fẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà márosẹ̀ gùn, ilé ń jìnnà, ó ń tóbi. Ilé tuntun tó wà láàárín ní ìwọ̀n jẹ́ nǹkan bíi 1,500 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóòró ní 1973. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,500 ní 2015, bẹ́ẹ̀ iye èèyàn tó ń gbé ilé kan ń dín kù ni. Ní Houston, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé, wọ́n kọ́lé dé inú ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí omi lè rí ibi dúró sí. Nígbà tí ìjì Harvey dé ní 2017, omi wá dúró síbẹ̀ lóòótọ́. Lára àwọn ará wa níbẹ̀ ló tún ń fowó ránṣẹ́ sílé láti kọ́ yàrá márùn-ún mìíràn tí wọn yóò máa wò lórí fóònù.

Ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọjọ́ ogbó, a kì í sì í sọ ọ́. Orúnkún kò bá àtẹ̀gùn ṣọ̀rẹ́. Àwọn òbí wa a kó wá sí yàrá àlejò nísàlẹ̀, wọn a ti ilẹ̀kùn òkè, eruku ọyẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í gorí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Páànù a jò, ẹni tí yóò gùn ún a gba owó tó tó owó oṣù ìfẹ̀yìntì. Wọn kò lè fi òkè háyà, nítorí inú palọ̀ onílé ni àtẹ̀gùn ti gòkè. Ẹni tó bá háyà rẹ̀ yóò máa gba iwájú wọn kọjá lọ sùn. Wọn kò lè tà á pẹ̀lú, ọmọ mẹ́rin ló wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ẹnìkan kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ilé bàbá òun ti bọ́. Ní Ìjẹ̀bú, èèyàn a rí àwọn ilé tó rẹwà gan-an tí wọ́n ń ṣí fún Ojúde Ọba àti ìsìnkú. Kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ alágbàtọ́ láti ọdún dé ọdún.

Kí wá ni ká kọ́? Ilé ilẹ̀ tó ṣeé fẹ̀ ni mo máa gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Yàrá méjì, palọ̀ kan, ilé ìdáná, balùwẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ níwájú. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe tò ó. Kí wọ́n má gbé e sí àárín ilẹ̀. Kí wọ́n fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìdajì tó kù lè wúlò, fún ilé kejì, fún ẹ̀fọ́, fún ìsọ̀ tí ń mówó wọlé. Kí wọ́n ti mọ ògiri tí yàrá tuntun yóò fara tì lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n sì fi líńtẹ́ẹ̀lì sórí ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò wà, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí i fúngbà díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, búlọ́ọ̀kù nìkan ni wọn yóò yọ, ògiri kò ní í mì. Kí wọ́n gbé ṣọ́kàwéè jìnnà sí ibi tí ilé yóò fẹ̀ sí. Mélòó nínú wa ló ti rí ilé tí kò ṣeé fẹ̀ mọ́ nítorí pé kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri? Òrùlé, kí ó jẹ́ onígun méjì tó da omi síwájú àti sẹ́yìn. Òrùlé onígun-mẹ́jọ tí a fẹ́ràn yìí, oríta àfonífojì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni òjò yóò ti kọ́kọ́ wọlé. Ilé ilẹ̀ kò nílò dẹ́kìn, kò nílò òpó ńlá, kò nílò irin púpọ̀. Ó lè parí láàárín ọdún mélòó kan, kí àwọn ọmọ tó dàgbà jáde nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ilé níwọ̀n kò lè lẹ́wà, kó wo iṣẹ́ ayàwòrán-ilé Demas Nwoko. Ìbàdàn ló fi ṣe ibùdó fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló ya ilé ìjọsìn àwọn Dòmíníkà tó wà níbẹ̀, ilé tí àwọn ayàwòrán-ilé káàkiri ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dòní. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n po pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ ló fi ń mọ búlọ́ọ̀kù, ó ń ṣí agbàlá sí àárín ilé kí ooru lè gba ibẹ̀ jáde, ó ń gba omi òjò bí àwọn àgbà ṣe ń gbà á. Ní 2023, ìpàtẹ Biennale ti àwọn ayàwòrán-ilé ní Venice fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, NBRRI, náà ti ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ pupa di búlọ́ọ̀kù tó ń há mọ́ra, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gba sìmẹ́ńtì. Ilẹ̀ pupa yìí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa láti Abẹ́òkúta dé Àkúrẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹni tó bá kọ́ ilé kékeré yóò gbọ́. Àlejò yóò dé, yóò wò ó, yóò ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tólú. Bọ́ìsì kọ́tà yìí dára. Ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé gan-an?" Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun èèyàn, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn wó ohun tó tó wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó báyìí ni mo rí pé wọ́n ti ń dá a lóhùn. Wọ́n ń wá mini-flat tó súnmọ́ ibi iṣẹ́ ju dúpílẹ́ẹ̀sì tó wà ní ìrìn wákàtí mẹ́ta. Wọ́n ń béèrè bóyá omi ń dé, bóyá iná ń dúró, bóyá ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé. Ìbéèrè tó dára ni.

Bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé bá sì ti kọ́ ìwọ̀n tó tó o, tí owó dẹ́kìn wá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, mo mọ ibi tí mo fẹ́ kó ná an sí. Kó pe àwọn onílé mẹ́fà tàbí méje tó wà lójú ọ̀nà náà jọ ní ọjọ́ Àìkú kan. Kí wọ́n wo ibi tí omi ń gbà lọ nígbà tí òjò bá rọ̀, kí wọ́n pe awọnlẹ̀ kó bá wọn wọn bó ṣe dà sí, kí wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà láti òkè dé odò, olúkúlùkù níwájú ilé tirẹ̀, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó di oṣù kẹrin tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀.